Kò Sí Májèlé Nínú Kíndìnrín Múyìwá

Ìkọ̀yà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀.

Akin,

Mi ò kọ "ọmọ mi ọ̀wọ́n" sókè lẹ́tà yìí, kì í sì í ṣe pé mo gbàgbé. Inú ń bí mi sí ọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí lẹ́tà Dọ̀tun ìyàwó rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ńṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́, torí bí mo bá kọ̀wé lọ́jọ́ náà gan-an, èpè ni ǹ bá kọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ ṣe ohun tó yẹ kí n ṣe ná. Mo ti ṣe é báyìí, inú sì tún ń bí mi síbẹ̀.

Mo ra ìwé búlúù kékeré tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí ìlú òyìnbó ní pósófíìsì Òkìtìpupa. Mo wò ó, mo rí i pé kò lè gba ìdajì ohun tó wà nínú mi. Ìdí nìyí tí o fi rí i tí mo ya ìwé láàárín ìwé tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi. Mi ò sì gbé e fún ọ̀gbẹ́ni tó ń báni kọ̀wé níwájú pósófíìsì, kí ìtìjú mi má baà di ọ̀rọ̀ ọjà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Bí ó bá wọ́, fara dà á. Ìwé kẹrin péré ni mo kà dé nílé ìwé, ìwọ ni wọ́n fi owó ìyókù rán lọ sílé ìwé.

"Ara mi ń le díẹ̀díẹ̀, Màámi, ẹ má ṣe ìyọnu." Ohun tí o kọ sí mi lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde nìyẹn. Ara wo ló ń le? Dọ̀tun ní kíndìnrín rẹ méjèèjì ti kọṣẹ́. Ó ní ìtọ̀ tí ò ń tọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kò kún ife tíì kan. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so ọ́ mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá ọ fọ ẹ̀jẹ̀, pé bí o bá ti ibẹ̀ dé, o kò lè gun àtẹ̀gùn ilé yín láìjókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀rọ yẹn kò lè gbé ọ jìnnà, pé kí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ tó ní méjì fún ọ ní ọ̀kan. Múyìwá àbúrò rẹ, tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbọ́ èyí. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, ó ní kí wọ́n yẹ òun wò. Wọ́n yẹ ẹ́ wò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti tìrẹ bára mu, kíndìnrín rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ìwọ wá ní o kò gbà.

Dọ̀tun ní òun kúnlẹ̀ fún ọ, òun bi ọ́ pé kí ló dé. Ohun tí o fi dá a lóhùn nìyí, ó kọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́: "Màámi kọ́ mi láti kékeré pé ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ ìyá Múyìwá wá kò gbọdọ̀ wọ inú mi. Ara ìyá rẹ̀ sì ni Múyìwá ti wá."

Mo ka ibẹ̀ yẹn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá mi. Mo wá ẹni tí ǹ bá bú, mi ò rí. Òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Wò ó, jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí, kí o lè mọ irú òmùgọ̀ tó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yẹn.

Nígbà tí bàbá yín fẹ́ ìyá Múyìwá wọlé, o kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọmọ Erinje ni. Ó kéré sí mi, ó rẹwà jù mí lọ, ó sì mọ epo ṣe ju gbogbo wa lọ nínú agboolé. Mo kórìíra rẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ọ. Àwọn àgbà ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú. Tèmi kò tilẹ̀ dé ẹnu. Kò pẹ́ ni àwa méjèèjì lóyún pọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló wà láàárín wa. Òun bí Múyìwá, èmi bí obìnrin. Fúnmiláyọ̀ ni bàbá yín sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, o ní àbúrò obìnrin rí, ọmọ ìyá rẹ. O ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, bóyá o rántí ẹkún rẹ̀.

Ọmọ náà kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá láyé tí ibà fi gbé mi ṣánlẹ̀. Ọmú mi òsì wú, ó pọ́n, ó kún fún ọyún, tọ̀tún sì gbẹ. Ọmọ ń fà á, kò rí nǹkan kan. Ìyá Múyìwá wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Kò wọlé, torí ó mọ̀ pé mi ò fẹ́. Múyìwá wà lẹ́yìn rẹ̀, iwájú aṣọ rẹ̀ sì tutù, torí wàrà tó ń sun nínú ọmú rẹ̀ ju ohun tí ọmọ kan lè mu lọ. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ jẹ́ kí n máa fún ọmọ lọ́mú. Bí ara yín bá ti yá, ẹ ó gbà á padà lọ́wọ́ mi."

Mo gbé orí sókè lórí ẹní tí mo sùn sí, mo ní kí ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo ní ọmọ mi kò ní mu májèlé, mo ní ọmú yẹn ló fẹ́ fi fa orí ọmọ mi lọ fún ọmọ tirẹ̀. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì. Mo ju ife sí i. Omi ẹ̀kọ ni mo ń fi ṣíbí rọ sí ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́nu. Ó ń ṣu ú, ó ń gbẹ. Ọjọ́ kẹfà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lómi ẹ̀kọ ló kú. Akin, wàrà wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú wa. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ọmọ mi àti wàrà yẹn.

Ṣé o rò pé mo kọ́gbọ́n? Rárá o. Ẹ̀bi yẹn wúwo jù fún mi, ni mo bá gbé e fún un. Mo dúró níwájú àwọn ẹbí bàbá yín, mo ní òun ló pa ọmọ mi, mo ní ojú tó fi wò ó láti ẹnu ọ̀nà ló pa á. Bàbá yín ní kí n dákẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mi ò fi dákẹ́.

Ìyókù ti ṣojú rẹ. O ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́jọ́ tí o jẹ òkèlè pupuru àti ọbẹ̀ ẹja ní yàrá ìyá Múyìwá. Ìwọ àti Múyìwá ni mo bá nídìí àwo kan náà, òun ń fi ọwọ́ rẹ̀ kékeré ba gbogbo ara rẹ̀ jẹ́, ò ń rẹ́rìn-ín. Mo fà ọ́ jáde. Mo ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun títí o fi bì í tán ní àgbàlá, lẹ́yìn èyí ni mo wá nà ọ́. Mo ní kí o máa wí tẹ̀lé mi: "Mi ò ní jẹ ohun ìyá Múyìwá mọ́." O ń sunkún, o ń wí tẹ̀lé mi. Ìyá Múyìwá dúró, ó ń wò wá. Nígbà tí mo mú ọ wọlé, òun ló bu omi fọ ibi tí o bì sí.

Ẹ̀kọ́ tí mo fi pàṣán kọ́ ọ lo gbé dé Lọ́ńdọ̀nù. O gbàgbé ṣọ́ọ̀ṣì, torí Dọ̀tun ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín o kò tíì wọ ibẹ̀. O gbàgbé láti máa kọ̀wé sí ìyá rẹ, àfi bí ọdún bá dé. Èyí tó burú jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ ni kò bọ́ lórí rẹ. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò lo lọ kọ́. Ṣé wọn kò kọ́ yín níbẹ̀ pé kí a máa bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè ni? O kò bi mí rí pé, "Màámi, kí ni obìnrin yìí fi ṣe yín?" Ǹ bá ti wá irọ́ kan pa fún ọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o bèèrè.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé. Kà á dáadáa, torí mi ò ní kọ irú rẹ̀ mọ́.

Èkíní. Ohun tí mo kọ́ ọ nípa obìnrin yẹn, irọ́ ni. Mo gbà á padà. Nínú gbogbo ọdún tó lò nílé bàbá yín, kò sí ẹni tó kú lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí inú run nítorí oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí bàbá yín dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, èmi ń sá fún òórùn yàrá yẹn, òun ló ń nu ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn. Èmi nìkan ni mo rí níbẹ̀.

Èkejì. Dọ̀tun ní o tún sọ pé ẹ̀gbọ́n kì í gba irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ àbúrò, pé títí ayé ni yóò fi máa gùn ọ́, pé bí a bá fẹ́ pín oko ọ̀pẹ bàbá yín, yóò ní òun lòun ń mú ọ mí. Kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó máa sọ ọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Kí ó gba gbogbo oko náà pẹ̀lú àwọn igi tó ti gbó níbẹ̀. Kí ni òkú fẹ́ fi ọ̀pẹ ṣe? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lọ́tẹ̀ yìí, tìrẹ ni kò wọ̀ ọ́. Ṣé nítorí pé o fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ ni o ṣe fẹ́ kú? Ó tilẹ̀ jọ mí lójú pé o ń sọ̀rọ̀ báyìí nípa Múyìwá. Nígbà tí o fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí o kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ilé ta lo wà? Búrẹ́dì ta lo jẹ ní gbogbo ọdún yẹn? O jẹ ẹ́, kò sì pa ọ́. Àbí búrẹ́dì ìlú òyìnbó kò ní ọwọ́ tó ti wá?

Ẹ̀kẹta, èyí sì nìkan ni mo bọ̀wọ̀ fún nínú gbogbo ohun tí o sọ. O ní o kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ọmọ ọlọ́mọ nítorí rẹ. Mo gbọ́. Kí o tó rò pé ìyá rẹ kàn fẹ́ fi ọmọ orogún tún ọmọ tirẹ̀ ṣe, mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ kejì tí mo gba lẹ́tà Dọ̀tun ni mo wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, mo ní kí wọ́n yọ tèmi, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Dókítà tí mo bá níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó wá rí ojú mi. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó wò ó, ó fi wé ohun tí Dọ̀tun kọ nípa tìrẹ. Ó ní irú ẹ̀jẹ̀ mi kọ́ ni tìrẹ, pé ti bàbá yín lo gbé. Ó ní èmi gan-an ní ẹ̀jẹ̀ ríru, pé bó bá tilẹ̀ bára mu, wọn kò ní gbà á lára mi. Mo bẹ̀ ẹ́ bí ẹni bẹ adájọ́. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló ń yí ẹ̀jẹ̀ padà.

Mo ní kí ó ṣàlàyé fún mi nígbà náà, kí n mọ ohun tí mo fẹ́ lọ tọrọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó ya kíndìnrín méjì sórí ìwé fún mi. Ó ní bí ọ̀kan bá kù tó sì dára, yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì, pé ẹni náà lè ṣiṣẹ́, ó lè bímọ, ó lè darúgbó. Ṣùgbọ́n kò tàn mí. Ó ní ẹni tí wọ́n là, wọ́n là á ni, pé ó ṣẹlẹ̀ rí pé ẹni tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ kò jí. Ó ní nígbà mìíràn, ara ẹni tó gbà á a máa kọ ohun tí wọ́n fi sí i, tí gbogbo rẹ̀ á sì já sí asán. Kò fi dá mi lójú, èmi náà kò ní fi dá ọ lójú. Nítorí náà, pe Múyìwá. Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjì péré, kí Dọ̀tun má sí níbẹ̀. Wò ó lójú, kí o bi í bóyá ẹnì kan ń tì í, bóyá ó ń ṣe é nítorí ojú ayé. Bí ó bá ní ọkàn òun kò gbé e, fi í sílẹ̀, kí o sì dì mọ́ ọn, kò sí ẹni tí yóò bá a wí nínú wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní òun fẹ́, pa ẹnu rẹ dé. Ara rẹ̀ ni, òun ló ni ín. Kì í ṣe ìwọ ni yóò máa fi ẹnu tirẹ̀ sọ pé rárá.

Mi ò mọ èyí tí mo kà dé mọ́. Àwọn kan níhìn-ín ti gbọ́ fìrìfìrì, wọ́n ń sọ pé ẹni tí ara rẹ̀ kò bá pé kò ní rí ojú Ọlọ́run, pé bí ó bá tún ayé wá, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wá. Mo bi wọ́n pé bàbá yín ńkọ́, tí àdá gé ní ìka méjì nígbà tó ń gé ìdì ẹyìn? Ìka mẹ́jọ la fi sin ín, gbogbo wọn ló sì jẹ ẹran níbi ìsìnkú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kò ní dé ọ̀run. Má jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé etí Múyìwá láti ẹnu rẹ.

Kí n má gbàgbé èyí. Bí wọ́n bá ṣe é tán, tó sì yọrí sí rere, gbogbo ayé ni yóò máa kí ọ. Wọn á máa gbé òdòdó wá bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe, wọn á máa kọrin lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Wọn á gbàgbé pé ẹnì kan tí kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ wà ní yàrá kejì, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ gba ọgbẹ́. Kí Dọ̀tun kọ́kọ́ máa gbé oúnjẹ Múyìwá lọ, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Kí o má jẹ́ kí Múyìwá gbé ẹrù wúwo. Bí ọdún bá gorí ọdún tó ní ẹ̀gbẹ́ ń dun òun, má ṣe ní ó ń fi ṣe fọ́ńté. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ó ku ohun kan tí mo ti ń sá fún láti òkè lẹ́tà yìí.

Dọ̀tun kọ ọ́ pé Múyìwá ní òun kò ní gorí bẹ́ẹ̀dì àwọn dókítà láìjẹ́ pé ìyá òun fọwọ́ sí i, ó sì ń bẹ̀rù láti kọ ọ́ sí i nínú lẹ́tà tí ẹlòmíràn yóò kà fún un. Ta ló wá kù tó lè lọ? Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọ lọ́rì lọ sí Erinje, níbi tó padà sí láti ìgbà tí bàbá yín ti kú. Mo bá a nínú kòtò epo, òun àti obìnrin méjì, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn. Irun rẹ̀ ti funfun, mi ò mọ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ létí kòtò náà, èmi tí mo jẹ́ ìyálé. Àwọn méjì yòókù dá iṣẹ́ dúró.

"Ìyá Akin, ta ló kú?" Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Mo ní kò tíì sí ẹni tó kú. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí dókítà ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó jáde nínú kòtò, ó jókòó sórí igi kan, epo ń kán lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bí. Ẹ mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni."

Mo ní mo mọ̀.

"Ẹ wá fẹ́ kí wọ́n là á."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé á jí?"

Mo ní àwọn tó ń jí ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Mi ò lè pa irọ́ ìyẹn fún un. Ó bu omi, ó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Fúnmiláyọ̀ ì bá ti di abiyamọ báyìí." Akin, ọgbọ̀n ọdún ni mi ò ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Mo fẹ́ fún un lọ́mú. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́."

"Èmi ni mi ò jẹ́," mo wí bẹ́ẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀ lójú àwọn ọmọ Erinje.

Ó wọlé, ó gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja yíyan jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó sì dúró, ó ń wò mí. Kò ní kí n jẹ ẹ́. Mo fọ ọwọ́, mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fi ìka nu àwo. Mo fi gbogbo ọjọ́ yẹn retí kí inú run mí, ó sì run mí lóòótọ́, torí pé mo jẹ àjẹjù. Nǹkan mìíràn kò ṣe mí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ báyìí.

Nígbà tí mo jẹun tán, ó ní, "Mo gbà. Kí Múyìwá ṣe é." Ó ní kí wọ́n pe tíṣà ilé ìwé wọn wá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí tíṣà tó dé, ó bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Akin kò pè mí ní ìyá rí. Ìyá Múyìwá ló máa ń pè mí, bí ẹni pé àlejò ni mí nílé bàbá rẹ̀. Ṣé òun ló rán yín wá, àbí ẹ̀yin lẹ rán ara yín?"

Mo wo ojú rẹ̀. Bí mo bá sọ òótọ́ fún un, pé o ti kọ̀, pé o ní ohun tó bá ti ara rẹ̀ wá kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ, yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Mo ní, "Akin ló rán mi. Ó ní kí n bá òun kúnlẹ̀ fún ìyá òun."

Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ọ, ó ń pè ọ́ lórúkọ, ó gbàdúrà fún ọ kí ó tó dé orí ọmọ tirẹ̀. Mo ń ṣe àmín. Ẹnu ń wúwo fún mi.

Tíṣà kọ ọ́, ìyá Múyìwá tẹ ìka rẹ̀ sí i, èmi ni mo mú un dé pósófíìsì. Ó ṣeé ṣe kí ó ṣáájú lẹ́tà yìí dé. Múyìwá yóò wá bá ọ, ohùn ìyá rẹ̀ yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ mi, bí o bá ka èyí tán, dìde, lọ bá dókítà, sọ fún un pé o gbà. Lẹ́yìn náà kí o kọ̀wé. Má kọ ọ́ sí mi. Kọ ọ́ sí Erinje. "Ìyá mi" ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí tíṣà lè kà á sókè kí gbogbo agboolé gbọ́. Bí o bá sì ṣì kọ̀, obìnrin yẹn náà ni kí o kọ ọ́ sí. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ fún un pé mo parọ́, pé ara ọmọ rẹ̀ kò yẹ fún ọ, pé o yàn láti kú. Èmi kò ní bá ọ jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Mo ti kọ ohun tó fẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan, mo sì sin ọmọ nítorí rẹ̀. Mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni,
ọ̀kan nínú ìyá rẹ méjèèjì.